"Ẹ Má Gé Òògùn": Àkọsílẹ̀ Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ sí Ẹsẹ̀ Ìyá Ẹlẹ́ja ní Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́ kẹrin tí Ìyá Ẹlẹ́ja ti ń lo òògùn táífọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ́kọ́ dé ilé òògùn mi ní Ẹ̀pẹ́. N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo lọ ra ọjà l'Ékòó. Ọmọ tó ń bá mi tajà ló dá wọn lóhùn. Wọ́n ní kó fún àwọn ní ìpara tó gbóná dáadáa, pé ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ń ta àwọn bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó gbé ìpara lé tábìlì, ó gba owó, ó fún wọn ní ṣéńjì, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Kò bi wọ́n ní nǹkan kan. N kò tíì kọ́ ọ pé kó máa béèrè. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ wọn ọ̀tún já ní èbúté.

Ìyá fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́ síta, kí n ṣáà má dárúkọ àwọn. Ìyá Ẹlẹ́ja ni mo máa pè wọ́n. Àwọn ẹlẹ́ja tó wà ní Ẹ̀pẹ́ pọ̀ ju kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ yẹn mọ̀ wọ́n lọ.

Ẹni ọdún 67 ni wọ́n. Láti ìgbà omidan ni wọ́n ti ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja tó bá gúnlẹ̀ láàárọ̀, ọ̀bọ̀kún, epìyà, àrọ̀, tí wọ́n á sì gbé e lọ tà ní ọjà Olúwo. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn. Amlodipine kan láàárọ̀ ni wọ́n ń lò sí i, wọn kì í sì í gbàgbé. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn ò ní ìtọ̀ ṣúgà, àwọn ò sì ní ikọ́ fée. Ohun tí mo rí kọ sílẹ̀ nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n, nǹkan ńlá kan sì wà tí kò sí níbẹ̀.

Ibà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ara wọn gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta, orí ń fọ́ wọn, oúnjẹ kò wọ ọ̀nà ọ̀fun. Ẹnì kan lọ́jà ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Láàbù kékeré kan lẹ́bàá títì gba ẹ̀jẹ̀, kò sì tó wákàtí kan tí wọ́n fi kọ èsì Widal, àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù, lé wọn lọ́wọ́: 1/160. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Wọn ò yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún ibà ẹ̀fọn rárá. Kẹ́míìsì tó wà nítòsí wo ìwé náà, ó fún wọn ní òògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ó sì fún wọn ní ciprofloxacin, òògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, míligíráàmù 500, kan láàárọ̀, kan lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kádì méjì, hóró mẹ́wàá mẹ́wàá. Ohun tó tẹ̀ mọ́ wọn létí jù ni èyí: "Ìyá, ẹ má gé òògùn o. Ẹ lò ó tán."

N kò lè fo ọ̀rọ̀ Widal yìí kọjá, nítorí àtibẹ̀ ni omi ti gbé igbá lọ. Widal kì í wá kòkòrò táífọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ara ti kó jọ láti bá kòkòrò náà jà ló ń wá, àwọn ọmọ ogun yìí sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù pípẹ́ lẹ́yìn tí ogun ti parí. Ẹni tó ti ní in rí, ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ẹni tí ibà ẹ̀fọn ń ṣe, gbogbo wọn lè mú kí ìwé náà sọ pé táífọ́ọ̀dù ni. Níbi tí táífọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, ẹni tí ara rẹ̀ le koko lè lọ ṣe é lónìí kó rí 1/80 tàbí 1/160. Ẹ̀rí tó múná ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kí ẹnu tó kan òògùn, kí wọ́n fi sínú ìgò tí kòkòrò á ti hù jáde, kí wọ́n dúró fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n mọ irú rẹ̀ àti òògùn tó ràn án. Mo mọ̀ pé ó gba owó, ó gba sùúrù, kì í sì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn tí wọ́n ń fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣe, ogún ìṣẹ́jú ló pọ̀ jù, kò sì wọ́n. Ìyẹn gan-an kò ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, ara bẹ̀rẹ̀ sí í tù wọ́n. Oorun nìkan ni wọn ò rí sùn. Àyà wọn ń lù kìkì lóru, ọwọ́ ń gbọ̀n díẹ̀. Wọ́n rò pé ìyókù àìsàn ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ pé ìyẹ̀fun orí fífọ́ alápò kékeré ni wọ́n ń dà sómi mu lálaalẹ́ nítorí orí tó ń fọ́ wọn. Caffeine wà nínú ìyẹ̀fun náà, irú èyí tó wà nínú kọfí. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ caffeine kúrò lára, ciprofloxacin sì máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ yẹn, kí ti àná tó lọ, ti òní á ti dé bá a.

Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ó máa ń le jù láàárọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn. Wọ́n wá ra ìpara ní ilé òògùn mi, bí mo ṣe sọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n pa dà sí kẹ́míìsì. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní àìsàn ló ń gba ẹsẹ̀ jáde, kí wọ́n máa lo òògùn wọn lọ. Lálẹ́, ọmọ wọn obìnrin fi omi gbígbóná àti ìpara wa nì ra ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, pẹ̀lú gbogbo agbára. Ìfẹ́ ni ó fi ṣe é. N kò lè bá a wí. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a wá ń pa lápálàpá, èmi àti ilé òògùn mi náà sì wà lára àwọn tó ń pa á.

Ní ọjọ́ keje, láàárọ̀ kùtù, ọkọ̀ apẹja kan gúnlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bọ̀kún. Ìyá ra agbada kan, wọ́n gbé e rù, wọ́n fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ara wọn gòkè kúrò lórí pákó èbúté. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu wọn sọ ọ́: "Mo gbọ́ pàù! Mo rò pé ọmọ kan ló fi òkúta sọ mí lẹ́yìn ẹsẹ̀. Mo yíjú pa dà kí n gbé e ṣépè. Kò sẹ́ni kankan lẹ́yìn mi." Ẹsẹ̀ náà kò gbà wọ́n mọ́. Agbada dà nù, ọ̀bọ̀kún ń fò lórí pákó, àwọn kan ń ṣa ẹja, alábàárù kan gbé Ìyá pọ̀n.

Ẹni tó bá ti rí iṣan yìí tó já rí á mọ ọ̀rọ̀ òkúta yẹn. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe máa ń sọ ọ́: wọ́n sọ mí lókùúta, wọ́n ta mí nípàá, wọ́n á wẹ̀yìn, wọn kò ní í rí ẹnikẹ́ni.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ọmọ wọn ọkùnrin fi gbé wọn wá. Kò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ mi ló gbé wọn wá, ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ìpara tó lágbára ju ti ìjọ́sí lọ, àti báńdéèjì." Dókítà ni wọ́n ń pe gbogbo wa tó ń ta òògùn ní Ẹ̀pẹ́. Apòògùn ni mí.

Mo kúnlẹ̀ wo ẹsẹ̀ náà. Ó wú, ó sì ti ń dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀. Mo fi ìka tọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Níbi tó yẹ kí n ti bá okùn líle bí ìka ọwọ́ pàdé, bí ìbú ìka mẹ́ta sí òkè gìgísẹ̀, kòtò ni mo bá. Ìka mi wọlé. Mo gbé ojú sókè.

"Ìyá, òògùn wo lẹ ń lò lọ́wọ́?"

Ọmọ wọn yọ kádì òògùn jáde nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Kádì kìíní ti ṣófo. Kádì kejì ku hóró méje.

"Ẹ má fi ọ̀kan sẹ́nu mọ́ nínú èyí, ẹ jọ̀ọ́ mà."

"Ọmọ mi, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gé e o."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ gé e."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí ọmọ tirẹ̀ ní kó má kírun mọ́. Kò sí ìpara, kò sí ìwọ́ra. Mo fi páálí líle méjì ṣe igi sí ẹsẹ̀ náà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn kọjú sílẹ̀, mo fi báńdéèjì wé e, mo kọ orúkọ òògùn náà àti ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé kan, mo sì tẹ̀ lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.

Dókítà egungun ní kí wọ́n dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì yọ síta ní etí rẹ̀. Ó fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun òsì: àtẹ́lẹsẹ̀ òsì tẹ̀ síwájú díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó fún ti ọ̀tún: kò mira. Ó tún un fún. Kò mira. Skáànù fi hàn pé iṣan ọ̀tún ti já pátápátá, pé ti òsì náà wú ṣùgbọ́n ó ṣì so.

Dókítà bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo òògùn steroid kankan, irú òògùn tó ń mú ìwú àti ìrora rọlẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń mú ojú rí roboto bí èèyàn bá lò ó pẹ́. Wọ́n ní rárá. Ó tún bi wọ́n lọ́nà mìíràn. Rárá. Ṣùgbọ́n ojú wọn rí roboto ju bó ṣe yẹ lọ fún ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, awọ apá wọn fẹ́lẹ́, àpá dúdú dúdú sì wà níbi tí nǹkan kékeré ti fara kàn án. Dókítà wò mí, èmi náà wò ó.

Mo pe ọmọ wọn síta. Mo ní kó lọ kó gbogbo ohun tí Ìyá ń fi sẹ́nu wá, kì í ṣe òògùn nìkan: àgbo, ìyẹ̀fun, èyí tí wọ́n rà nínú ọkọ̀, èyí tí ọ̀rẹ́ fún wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, ó kó wọn dé. Amlodipine. Àpò ìyẹ̀fun mẹ́rin. Ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ó ní kò sí nǹkan mìíràn. Ìgbà yẹn ni Ìyá fúnra wọn tú etí ìró wọn, wọ́n mú náílọ́nù funfun kékeré kan jáde tí wọ́n fi òwú so lẹ́nu.

"Ṣé èyí náà òògùn ni? Ti orúnkún ni mà. Òun ni mo fi ń rìn."

Hóró funfun kéékèèké ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú kápúsù aláwọ̀ méjì, gbogbo wọn dà pọ̀ mọ́ra, orúkọ kankan ò sí lára wọn. Obìnrin kan tó ń kiri ló ń tà á fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, oṣù mẹ́jọ rèé. A rí nọ́ḿbà rẹ̀, mo pè é. Kò fi pamọ́, n kò sì rò pé ó mọ̀ pé nǹkan kan wà tó yẹ kí òun fi pamọ́: prednisolone méjì, piroxicam, òògùn ìrora, kan, lójúmọ́. Prednisolone gan-an ni steroid tí dókítà ń béèrè. Ìyá kò purọ́. Wọn kò mọ orúkọ ohun tí wọ́n ń gbé mì.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti so kọ́ nìyẹn. Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ni okùn tó so ẹran ẹ̀yìn ojúgun mọ́ egungun gìgísẹ̀. Òun ló ń gbé gbogbo ara nígbà tí èèyàn bá ń gun òkè. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà bó bá bàjẹ́, kì í tètè san. Kì í ṣe ohun òkú: àwọn ẹ̀yà tín-ín-tìn-ìn-tín wà nínú rẹ̀ tó ń hun fọ́nrán rẹ̀, tó ń tún ibi tó bá ń gé ṣe lójoojúmọ́. Ciprofloxacin àti àwọn ẹbí rẹ̀ lè ba iṣẹ́ àwọn ahunṣọ yìí jẹ́, kí àwọn èròjà tó ń jẹ fọ́nrán náà sì pọ̀ sí i. Prednisolone ń sọ fọ́nrán kan náà di fẹ́lẹ́. Ọjọ́ orí ti jẹ tirẹ̀. Lórí èyí ni agbada ọ̀bọ̀kún wá gorí.

Ewu yìí kì í ṣe àṣírí. Ní oṣù keje ọdún 2008 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó òògùn ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n fi ìkìlọ̀ inú àpótí dúdú, èyí tó le jù nínú ìkìlọ̀ wọn, sára gbogbo òògùn ẹbí yìí nítorí iṣan tó ń wú àti iṣan tó ń já. Wọ́n dárúkọ àwọn tí ewu rẹ̀ pọ̀ fún jù: ẹni tó ti lé ní ọdún 60, ẹni tó ń lo steroid, ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín, ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró fún. Ìyá Ẹlẹ́ja jẹ́ méjì nínú mẹ́ta. Iṣan náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í dùn láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó sì lè di oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí èèyàn ti lo òògùn tán. Ní 2013 wọ́n fi ìkìlọ̀ kún un nípa iṣan ìmọ̀lára: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń jó, tó ń ta, tó ń kú tipiri, èyí tó lè má lọ mọ́. Ní 2016 wọ́n ní kí wọ́n má fi tọ́jú ikọ́ òtútù àyà tó ṣẹ́yọ, imú dídí tó ń ro èèyàn, tàbí àìsàn ilé ìtọ̀ tí kò le, bí òògùn mìíràn bá wà tó lè ṣe é. Ní 2018 ó kan ṣúgà tó ń já wálẹ̀ lójijì, ọpọlọ tó ń dàrú, àti òpó ńlá ẹ̀jẹ̀ àyà tàbí ikùn tó lè ya. Ilẹ̀ Yúróòpù náà fọwọ́ líle mú un lọ́dún yẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìwé tó wà nínú páálí òògùn ló gbé gbogbo èyí, kádì ni wọ́n sì ń gé tà fún àwọn èèyàn wa. Ìwé náà kì í kúrò ní kẹ́míìsì.

Ọmọ Ìyá bi mí ní ìbéèrè kan ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó sì bi mí tìbínútìbínú. "Dókítà, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Òògùn burúkú ni? Ṣé irú èyí tí wọ́n dán wò lára àwọn ọmọ ní Kánò ni?"

Mo sọ òótọ́ fún un. Èyí tí wọ́n lò ní Kánò ní 1996, nígbà tí àìsàn ìwú awọ ọpọlọ ń jà, trovafloxacin ni. Ẹbí kan náà ni wọ́n. Ẹ̀dọ̀ tí trovafloxacin ń bà jẹ́ ló mú kí Amẹ́ríkà dín lílò rẹ̀ kù gan-an ní 1999, ó sì ti kúrò lọ́jà. Ciprofloxacin kọ́ nìyẹn. Ó ti wà lọ́jà Amẹ́ríkà láti 1987, àìmọye èèyàn ló sì ti gbà lọ́wọ́ ikú.

Mo rò pé ó yẹ kí n dúró lórí èyí náà, kí ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí má lọ da òògùn rẹ̀ sódò. Ẹbí òògùn yìí rọrùn láti mọ̀: orúkọ wọn ń parí sí "floxacin". Ciprofloxacin, ofloxacin, levofloxacin, moxifloxacin, pefloxacin. Bàbá ńlá wọn, nalidixic acid, 1962 ni George Lesher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, láti ara nǹkan tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń ṣe chloroquine. Bẹ́ẹ̀ ni, chloroquine tó ń yún gbogbo wa lára nígbà èwe. Bí kòkòrò bá fẹ́ di méjì, ó ní láti tú okùn ìran rẹ̀ tó lọ́ mọ́ra, irinṣẹ́ méjì ló sì ń fi tú u. Floxacin á há irinṣẹ́ náà mọ́ okùn lára, okùn á gé, kòkòrò á kú. Ohun tó fi lágbára nìyẹn. Hóró rẹ̀ tí èèyàn gbé mì ń wọ inú ara dé ibi tí ọ̀pọ̀ òògùn kì í dé: kíndìnrín, egungun, pírósítéètì. Àìsàn kíndìnrín tó ń mú ibà àti ìgbọ̀nrìrì wá, pírósítéètì tí kòkòrò wọ̀, ìwọ̀nyí ni mo máa fọwọ́ sí i fún láìmikàn bí àyẹ̀wò bá ti sọ pé kòkòrò náà gbọ́ tirẹ̀. Hóró kan ṣoṣo ti míligíráàmù 500 ni wọ́n ń fún àgbàlagbà tó bá ẹni tó ní ìwú awọ ọpọlọ gbélé, kó má ràn án. Àti ikọ́ ẹ̀gbẹ tí rifampicin kò ràn mọ́: levofloxacin àti moxifloxacin ni òpó ìtọ́jú rẹ̀. Láti 2022 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti fọwọ́ sí ìtọ́jú olóṣù mẹ́fà tí moxifloxacin wà nínú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń lo ọdún kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀.

Nítorí èyí gan-an ni mo ṣe ń bínú nígbà tí mo bá rí i pé wọ́n ń gé e tà fún inú rírun. Ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tí kò mọ̀, tó lọ lo floxacin fún ikọ́, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ tù ú díẹ̀. Àyẹ̀wò á pẹ́. Kòkòrò tó kù á ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá fún òògùn tí à ń tọ́jú pa mọ́ fún ọjọ́ ìṣòro. Àtọ̀sí ti bọ́ lọ́wọ́ òògùn yìí báyìí: hóró kan ṣoṣo ló ń wò ó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2007 Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má fi tọ́jú rẹ̀ mọ́, kòkòrò rẹ̀ kò gbọ́. Síbẹ̀, òun ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń wá ra lálẹ́ Sátidé. Táífọ́ọ̀dù náà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ní Pakistan láti 2016, irú kan wà tí floxacin kò ràn, tí ọ̀pọ̀ òògùn tó ṣáájú rẹ̀ pàápàá kò ràn. WHO fi ciprofloxacin sí ìsọ̀rí àwọn òògùn tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́. Lọ́dọ̀ wa, lórí àtẹ ló wà.

Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Kí ló dé tí wọ́n ní kí Màmá má gé e?"

Mo ti ń sọ "ẹ má gé òògùn" fún ogún ọdún. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí lásìkò ààwẹ̀, mo kọ ọ́ mọ́ ara ògiri ilé òògùn mi. Ẹni tó ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ tó bá gé e, ó ń wá wàhálà. Ṣùgbọ́n a kò sọ ọ̀rọ̀ náà dé òpin fún àwọn èèyàn. Bó bá jẹ́ floxacin lẹ ń lò, tí ẹ̀yìn gìgísẹ̀, èjìká tàbí ọrùn ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín láìnídìí, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ sì lọ bá ẹni tó kọ ọ́ fún yín kó fi òògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń jó tàbí tó ń kú tipiri, bákan náà. Bí àyà tàbí ẹ̀yìn bá ya yín lójijì bí aṣọ, ilé ìwòsàn tààrà. Ẹni tó ń lo glibenclamide fún ìtọ̀ ṣúgà tó bá ń làágùn tútù, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kó mu nǹkan dídùn, kó wá. Ìyá fara dà á fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ìgbọràn lo hóró mẹ́fà sí i nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn.

Dókítà kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Awọ wọn ti fẹ́lẹ́ jù nítorí prednisolone, ojú abẹ kò ní í tètè jiná. Wọ́n fi POP, ẹfun tó ń le, di ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kọjú sílẹ̀, kí orí iṣan méjèèjì lè súnmọ́ ara, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ náà sókè díẹ̀díẹ̀. Wọn kò gé prednisolone lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fetí sí èyí, ẹ̀yin tó ní náílọ́nù bẹ́ẹ̀ nílé: lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ẹ̀yà ara kékeré orí kíndìnrín tó ń pèsè irú rẹ̀ fún ara ti sùn lọ; bí èèyàn bá gé e lójijì, ó lè ṣubú lulẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, kó kú. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dín in kù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn tó ti ga bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ bí wọ́n ṣe ń dín in. Ibà wọn kò pa dà. Wọn ò fún wọn ní òògùn kòkòrò mìíràn. Bóyá táífọ́ọ̀dù ni tàbí ibà ẹ̀fọn lásán, kò sí ẹni tó lè sọ mọ́. Hóró mẹ́tàlá ti pa ẹ̀rí rẹ́.

Mo kọ fọ́ọ̀mù NAFDAC tí wọ́n fi ń ròyìn òògùn tó ṣe èèyàn ní ṣùtá. Fóònù gan-an lèèyàn lè fi ṣe é báyìí. N kò rí apòògùn púpọ̀ tó ń kọ ọ́ ní àdúgbò wa. Mo fẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́.

Oṣù karùn-ún rèé. Ìyá ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá, wọn ò sì lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dìde lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin ló ń lọ sí èbúté. Ìyá fúnra wọn jókòó sí ọjà Olúwo, ẹsẹ̀ wọn lórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n ń ná ẹja. Mo kọ káàdì kékeré kan fún wọn, mo fi náílọ́nù wé e kí omi ẹja má bà á jẹ́: òògùn tí orúkọ rẹ̀ parí sí "floxacin", kí ẹnikẹ́ni má fún mi. Inú pọ́ọ̀sì owó wọn ló wà.

Ọmọ ìtajà mi ti ń béèrè. Ó ń bi gbogbo ẹni tó bá wá ra ìpara, tí àwọn mìíràn fi ń ní ó ti ń ṣe àṣejù. N kò ní kó dẹ́kun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan ti ọjà Olúwo wọlé, òórùn ẹja yíyan lára rẹ̀, kádì ciprofloxacin lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò tíì bẹ́ hóró kankan níbẹ̀. Ó ní Ìyá Ẹlẹ́ja ló ní kí òun wá fi hàn wá kí òun tó fi sẹ́nu. Ọmọ ìtajà mi fa ìjókòó sún mọ́ ọn. "Mà, kí lẹ tún ń lò pẹ̀lú rẹ̀?" Obìnrin náà ní kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ó tú etí ìró rẹ̀.